Ó ti gbá tiẹ̀ tán

Mo gbé aṣọ lọ fún télọ̀ ní Bàsírì, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ra ẹlùbọ́ bọ̀. NEPA ò mú iná wá. Gbogbo ohun tí mo ṣe lónìí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bàbá kan ni kò jẹ́ kí ara rọ̀ mí. A jọ ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní Fájúyì, òun àti ẹnì kejì ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kóòṣì bọ́ọ̀lù wa, obìnrin tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí (ẹ kúkú mọ ẹni tí mò ń wí). Ó ní, "Ṣebí ó ti gbá tiẹ̀ tán? Kí ló tún ń wá lórí pápá?"

Ó ti gbá tiẹ̀ tán. Bíi pé iyán ni bọ́ọ̀lù, téèyàn bá ti jẹ tiẹ̀ tán, kó ṣanwọ́ kó dìde.

Jẹ́sì Arsenal ló sì wọ̀ o! Arteta náà gbá tiẹ̀ tán ní Arsenal ní 2016, Arsenal yìí kan náà ló fi í ṣe kóòṣì ní 2019. Ta ló bi í pé kí ló ń wá? Kẹ̀kẹ́ ti gbé bàbá lọ kí èyí tó sọ sí mi lọ́kàn. Àgbà sì ni, mi ò bá má lè wí i náà.

Eucharia Uche gbá fún Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, ó padà wá kọ́ wọn gba ife Áfíríkà ní 2010. Florence Omagbemi tó ti ṣe kápútéènì wọn rí ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016, àwọn ọmọ ẹ̀ tún wá ń wọ́de l'Ábújá torí owó wọn. Àbí ohun tí bàbá ń wí nìyẹn, pé kí lèèyàn ń wá nídìí iṣẹ́ tí kò lówó? Rárá o. Mo rí bó ṣe yínmú.

Àmọ́ ọkùnrin ni Madugu, òun náà ló kọ́ wọn tí wọ́n fi ti ẹ̀yìn 2–0 bọ̀, tí wọ́n na Mòrókò 3–2 ní 2025. Ohùn mi há lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò bèèrè ẹni tó jẹ́ kóòṣì. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá kọ́ ló sì mọ̀ ọ́n kọ́ni. Àwọn míì, inú ni wọ́n máa ń bí sọ́mọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá yá tó tiwọn, wọ́n á wá...

Ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀.

Tiwa kì í bínú. Lọ́jọ́ kan ní pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé, pẹ̀lú báńdéèjì lórúnkún tiẹ̀, ó dúró sẹ́yìn ọmọ kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, á na ìka sókè: "Mélòó?" Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn, kó dárúkọ iye ìka, kí bọ́ọ̀lù tó kàn án lẹ́sẹ̀.

"Mẹ́ta, Àǹtí!"

"Irọ́ ni. O ò wò ó. Tún un ṣe."

Ẹ̀yìn yẹn náà ni ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti máa yọ. Ta ló máa mọ̀yẹn ju ẹni tí wọ́n ti ẹ̀yìn gbá lórúnkún?

Gbá tiẹ̀ tán kẹ̀! Ká ní ẹgbẹ́ ọkùnrin ló ń kọ́ ńkọ́, kí ni bàbá ò bá sọ? Àfi tí wọ́n bá tiẹ̀ máa gbà á síbẹ̀ ná.