Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Àṣenọ́jú: Àwọn Ọkọ̀ Tí Mo Ń Kó Jọ fún Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ EVE Online ní Àkúrẹ́

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé nínú EVE Online, eré orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti jọ ń wa ọkọ̀ inú òfurufú, ti dé ibi tí ó yẹ kí n ròyìn rẹ̀. Ète mi ni láti to ọkọ̀ Venture, tí wọ́n fi ń wa kùsà lára àwọn àpáta inú òfurufú, sí ibùdókọ̀ kan ṣoṣo, kí ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè rí ọkọ̀ tí mo ti di irinṣẹ́ sí tán gbà, kí ó sì rí òmíràn gbà nígbà tí wọ́n bá fọ́ ti àkọ́kọ́. Wọn yóò fọ́ ọ dandan. Láti ọdún 2003 tí ilé-iṣẹ́ CCP ti orílẹ̀-èdè Iceland ti gbé eré yìí jáde ni òfin náà ti wà pé ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ti lọ pátápátá. Owó ìbánigbófò inú eré yóò dá díẹ̀ padà lórí ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò kan àwọn irinṣẹ́ tí ẹ dì sí i. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wa ọkọ̀ tí kò lówó láti tún rà.

Mo yan Venture nítorí pé kò wọ́n, nítorí pé àyè ìkẹ́rù rẹ̀ gba kùsà tó 5,000 m³, àti nítorí pé ó ní agbára àbínibí tí kì í jẹ́ kí ó rọrùn fún ẹnìkan ṣoṣo láti dá a dúró nígbà tí ó bá fẹ́ sá lọ. Ohun ìwakùsà méjì ni mo ń dì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí àwọn tí mo ń tọ́ sọ́nà ti ń ní ìṣòro jù ni ọ̀rọ̀ ààbò. Nọ́ńbà kan wà ní apá òsì lókè ojú kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí agbègbè ìràwọ̀ tí ẹ wà ṣe ní ààbò tó: 1.0 dé 0.5 ni ibi tí àwọn ọlọ́pàá inú eré, tí wọ́n ń pè ní CONCORD, ń ṣọ́, láti 0.4 dé 0.1, ẹ̀yin nìkan ni ẹ óò ṣọ́ra yín, ní 0.0 sísàlẹ̀, àwọn òṣèré fúnra wọn ló ń jọba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: CONCORD kì í dènà ìkọlù, wọ́n ń jẹ apanirun níyà lẹ́yìn tí ó ti yìnbọn ni, wọ́n sì máa ń pẹ́ dé ní 0.5 ju 1.0 lọ. Ẹni tó bá rí i pé ẹrù inú ọkọ̀ yín níye lórí ju ọkọ̀ ìjà pọ́ọ́kú tí òun yóò pàdánù lọ yóò gbà kí ọlọ́pàá fọ́ tirẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì kó ẹrù yín lọ. Nítorí náà, ẹ máa já kùsà sí ibùdókọ̀ léraléra, kí ẹ má sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìsí ojú lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ọba kàn wá gbọ̀ngbọ̀n níbí. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń wa kùsà, ọkọ̀ yóò gbìyànjú láti sá kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì pòórá láìpẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì kọlù ú. Bí ọ̀tá bá ti dì í mú, kò lè lọ. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹ̀kọ́ tí ẹ tò sílẹ̀ fún awakọ̀ yín ń tẹ̀síwájú kódà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa. Ẹni tó ń ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ lè kọ́ ẹ̀kọ́ dé mílíọ̀nù 5 máàkì, ìyẹn òṣùwọ̀n tí eré náà fi ń ka ẹ̀kọ́ tí awakọ̀ ti kọ́. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpele márùn-ún: èyí tó rọrùn jù ń gba máàkì 8,000 láti dé ìpele kẹta, ṣùgbọ́n ó ń gba 256,000 láti dé ìkarùn-ún. Ẹ mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́ dé ìpele kẹta ná. Ẹ rántí pẹ̀lú pé aago 12 ọ̀sán tiwa ni wọ́n ń ti eré náà pa fún ìtọ́jú lójoojúmọ́.

Ní Jita, ọjà tó tóbi jù nínú eré náà, èrò ń wọ́ bí ti Ọjà Ọba wa. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí àwọn tó ń kọ ọ́ pé kí ẹ fi ISK, owó inú eré náà, ránṣẹ́, àwọn yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ má ṣe dá wọn lóhùn. Òfin eré náà fàyè gba irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín gba owó náà padà. Ohun tí òfin kò fàyè gbà ni títa ISK fún náírà.

Ohun tó kù báyìí ni asà ààbò fún àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, èyí tí mo ń fi kùsà tí mo bá tà rà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọkọ̀ kí ó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ inú eré ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí pé àwọn náà ń fúnni ní ọkọ̀ kéékèèké, kí ó tó wá bá mi.