Àyẹ̀wò ọdún 2025: owó pápá lọ́tọ̀, owó bébà lọ́tọ̀

Ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo ti ṣí ìwé ìṣirò. Ẹni tó bá ń ya fọ́tò inter-house n'Ìbàdàn mọ̀ pé láàárín Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹta lọjà wa máa ń tà. Táàmù kejì ti wọlé, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé-ìwé aládàáni ló ń wá pápá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Oṣù Keje tí àwọn ọmọ bá ń gbàwé jáde. Iye tí mo bá fẹnu sí ní Oṣù Kejìlá yìí ni màá fi jẹun títí wọ inú òjò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ ni pé ilé-ìwé á ní kí onífọ́tò máa bọ̀, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Onífọ́tò á ya ọmọ, á tẹ fọ́tò níbẹ̀, á wá máa wá ìyá ọmọ kiri láàárín èrò. Àwọn ilé-ìwé míì á tún gba tiwọn nínú ohun tó bá pa. Lọ́dún yìí mo la ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Ilé-ìwé ló ń san owó pápá, ₦80,000, láti march past títí wọ́n á fi pín ife, gbogbo fọ́tò á sì wà ní Google Drive wọn kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Òbí tó bá fẹ́ bébà á san ₦1,000 lórí ẹyọ kan.

Ilé-ìwé kan yarí. Wọ́n ní owó kí ni, ṣé mi ò mọ̀ pé àwọn òbí olówó ló máa kún ibẹ̀ ni? Mo mọ̀ wọ́n. Abẹ́ kánópì ni wọ́n máa ń jókòó, fóònù olówó ńlá wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń ra fọ́tò ni ìyá tó ti ṣọ́ọ̀bù sáré wá, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, tó fẹ́ tètè padà kí oníbàárà má bàa bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Mi ò lọ.

Ohun tó máa ń kó èrò jọ ni Selphy, ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń tẹ fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bébà ń wọlé tó ń jáde: yẹ́lò á kọ́kọ́ lé e, pupa á tẹ̀ lé e, búlúù á dé, ìkẹrin lohun dídán tó ń bo ojú rẹ̀ kí omi má bàa bà á jẹ́. Àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n lórí. Bí yẹ́lò bá jáde, Yellow House á hó yèè; bí pupa bá dé, Red House á gbà á. Green House nìkan ni ò rí tiwọn, wọ́n ní ojúsàájú ni mò ń ṣe.

Bébà yẹn àti íńkì rẹ̀, òkè òkun ló ti ń wá. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là ní báǹkì. Lọ́dún yìí, àgbègbè ₦1,500 ló ń rìn. Ẹyọ bébà kan ń gbà tó ₦500 lọ́wọ́ mi kí n tó bu epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ìyá kan mú tọmọ rẹ̀ dání: "Bọ̀dá onífọ́tò, pélébé yìí lẹ pè ní ẹgbẹ̀rún kan? Ẹ gba ẹgbẹ̀ta."

"Mummy, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Méjèèjì ò kanlẹ̀."

Ọmọ náà ń gba igi relay lọ́wọ́ ẹnìkejì ẹ̀ ni. Bí kámẹ́rà ò bá yára ṣí kó sì yára padé, ní nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, bàìbàì ni fọ́tò á jáde. Ó wò ó títí, ó sanwó, ó ní: "Ẹ fi ẹ̀ènì sí i, ẹ bá mi fi í sórí WhatsApp."

Ẹ̀ènì yẹn ló ń pa ọjà wa. Bébà kan, ara ògiri kan ló máa wà. Èyí tó bá wọ WhatsApp ti di ti bàbá, ti àǹtí tó wà ní London, ti gbogbo kíláàsì. Ìdí nìyí tí soft copy mi fi wọ́n ju bébà lọ, ₦1,500. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní orí mi ti dàrú, pé ohun tí ò gba íńkì kò gbọdọ̀ wọ́n. Mi ò gbà.

Ohun kan tún ti kúrò nínú ìṣirò. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé, kó máa fi fọ́tò àwọn ọmọ polówó ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ààbò dátà ti wà láti 2023, ọ̀rọ̀ àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ sì ti wọ inú ìwé àdéhùn mi. Fọ́tò tí mi ò lè gbé sí Instagram láìtọrọ àyè, kò lè dípò owó mi.

Ní 2026, owó pápá á di ₦100,000, torí mo fẹ́ fi onífọ́tò kejì síbi tí eré ti ń parí. Ìdajì ṣáájú, ìyókù kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti pín ife tán, ojú ọ̀gá kì í ṣeé rí mọ́. Ilé-ìwé ìjọba àdúgbò mi, owó ọkọ̀ nìkan ni màá gbà.

Proprietress kan ti pè lánàá fún Oṣù Kejì, ó ní ẹ̀dínwó dà. Mo ní kò sí ẹ̀dínwó lórí owó pápá, àmọ́ bí wọ́n bá san gbogbo rẹ̀ kí Oṣù Kìíní tó parí, màá tẹ fọ́tò àwọn tó gba ife ní ńlá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun á bá ọkọ òun sọ ọ́.