Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tó fún jínótáìpù, kò tó fún gbogbo nǹkan

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa tiwa, ó di ìgbà tí wọ́n bá pín aṣọ ẹbí tán ká tó rántí jínótáìpù. Mo mọ ọkùnrin kan àti obìnrin kan, láàbù àkọ́kọ́ ní AA lobìnrin yẹn, láàbù kejì ní AS ni, ọkọ ìyàwó ti jẹ́ AS tẹ́lẹ̀ o, làwọn ẹbí bá jókòó sí pálọ̀ wọ́n ń jiyàn ìwé wo ló yẹ ká gbà gbọ́, ẹnìkan tiẹ̀ ní ká mú AA ká máa bá ti Ọlọ́run lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sún mi dédìí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà tín-ín-rín ni ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ń gbà nínú wọn.

Àwọn míì ò tiẹ̀ ní bátìrì rárá. Bébà lásán ni George Whitesides àtàwọn èèyàn ẹ̀ lò ní Harvard lọ́dún 2007, wọ́n la ọ̀nà sára ẹ̀, ìtọ̀ á máa fà lọ fúnra ẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa karosíìnì, táá fi débi tí wọ́n fi kẹ́míkà sí, àwọ̀ ibẹ̀ á yí padà, wàá ti mọ̀ bóyá ṣúgà wà nínú ẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n ti jínótáìpù ni tèmi.

Hẹmoglóbínì ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa, irú èyí tẹ́nì kan ní ni jínótáìpù sì ń sọ. Nǹkan kékeré kan péré ló fi ìyàtọ̀ sáàárín A àti S, nínú àwọn èròjà tí wọ́n so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó fi di hẹmoglóbínì, èyí tó wà ní ipò kẹfà ni wọ́n pààrọ̀, ìyẹn sì ti yí iná tó wà lára ẹ̀ padà. Torí náà tí wọ́n bá fi iná mànàmáná lé wọn sáré lórí bébà tútù, A á ṣáájú, S á máa bọ̀ lẹ́yìn, C, tó jẹ́ irú míì, ló máa ń falẹ̀ jù. Linus Pauling àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi irú ìdánwò oníná bẹ́ẹ̀ hàn lọ́dún 1949 pé hẹmoglóbínì ẹni tó ní SS, ìyẹn àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, yàtọ̀. Nǹkan tí ọ̀pọ̀ láàbù wa ṣì ń ṣe nìyẹn lónìí, àwo oníná kan, omi kẹ́míkà, bébà, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo ibi tí ìlà dúró sí. Kí wọ́n lo omi kẹ́míkà ọjọ́sí, kí NEPA mú iná lọ láàárín kan, kẹ́ni tó ń wò ó ti rẹ̀, AS á kúkú di AA.

Ohun tí Umut Gurkan àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Case Western Reserve, yunifásítì kan ní Cleveland, l'Amẹ́ríkà, ṣe ni pé wọ́n kó gbogbo ìyẹn sínú káàdì ike tí ò ju ATM lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ò tó microlita 20, ẹ̀kán kékeré kan, láti ìka tàbí gìgísẹ̀ ọmọ, kẹ́ ẹ ti káàdì bọnú ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì, kámẹ́rà inú ẹ̀ ló máa ka ìlà, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èsì ti dé. Lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń lo káàdì, kò sẹ́ni táá sọ pé òun ń ṣọ́ omi kẹ́míkà lò. Hemex Health ló ń ta ẹ̀rọ náà, Gazelle ni wọ́n pè é, wọ́n sì ti dán iṣẹ́ náà wò ní Kano níbí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ṣebí Theranos, iléeṣẹ́ ìdánwò ẹ̀jẹ̀ kan l'Amẹ́ríkà, náà ló ń pariwo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Elizabeth Holmes dá a sílẹ̀ lọ́dún 2003, ó ní ẹ̀jẹ̀ ìka díẹ̀ á ṣe àìmọye ìdánwò, 2022 ni kóòtù dá a lẹ́bi jìbìtì, wọ́n sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n tó lé lọ́dún 11. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìyàtọ̀. Kí lẹ ń bi ẹ̀jẹ̀ yẹn? Tó bá jẹ́ pé "mélòó?" ni, bíi potassium, fífún tí nọ́ọ̀sì ń fún ìka nìkan ti lè bẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, tinú wọn á tú síta, iye á ga láìnídìí. Jínótáìpù ò béèrè mélòó. "Èwo ló wà níbẹ̀?" ló ń béèrè, ẹ fún ìka títí dọ̀la, AS ò ní di SS.

Ìyẹn ò ní kí káàdì yìí má ṣì yín lọ́nà o. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fún un lè wà nínú èsì. Ọmọ jòjòló náà, hẹmoglóbínì F, irú tọ́mọ máa ń ní látinú oyún, ló pọ̀ jù lára ẹ̀, àárín A àti S gan-an ló sì ń dúró sí, torí náà tí èsì bá ní SS, ilé ìwòsàn ńlá gbọ́dọ̀ tún un wò.

Síbẹ̀, ọmọ jòjòló yẹn ni mo rò pé ẹ̀rọ yìí wúlò fún jù, ju àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986 fi hàn pé tọ́mọ SS bá ń lo penisilíìnì lójoojúmọ́, àkóràn kòkòrò pneumococcus, tó máa ń pa wọ́n lójijì, dín kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Penisilíìnì lásán o! Ṣùgbọ́n ta ló máa fún ọmọ tẹ́nì kankan ò mọ̀ pé SS ni? Àwọn òbí míì á ní "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó jẹ́ tiwa", wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú jàre. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ló yẹ kí wọ́n ti gún gìgísẹ̀ ọmọ, ìyá ti wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ èsì sínú káàdì àjẹsára, torí ìwé láàbù máa ń sọnù.