Ọ̀tún Wa, Òsì Wọn

"Yéè! Ẹ ti sè mí!" Igbe Bàbá ìyàwó nìyẹn láti balùwẹ̀ àlejò, nílé tuntun kan ní Akóbò, aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́. Kí wọ́n tó sáré débẹ̀, Bàbá ti jáde, ọṣẹ lójú, táwẹ̀lì lọ́rùn. Lọ́rùn o, kì í ṣe nídìí.

Bàbá kò jẹ̀bi. Ọmọ wọn ti sọ fún wọn pé téèyàn bá kọjú sí ẹ̀rọ, òsì ni omi gbígbóná, ọ̀tún ni tútù. Bó ṣe rí ní balùwẹ̀ tọmọ náà nìyẹn. Bàbá ṣí ọ̀tún gbàgà. Omi tó sùn sínú páìpù ló kọ́kọ́ jáde, ó tutù nini, ọkàn Bàbá balẹ̀, wọ́n bọ́ sábẹ́ ṣáwà. Ìgbà náà ni omi hítà dé.

Ògiri kan ṣoṣo ló pín balùwẹ̀ méjèèjì níyà. Púlọ́ḿbà gba páìpù méjì sínú rẹ̀, ó sì yọ ẹnu wọn sí iwájú àti ẹ̀yìn bó ṣe wà. Òsì ẹni tó dúró níhìn-ín, ọ̀tún ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ni! Ó yẹ kó dábùú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì ṣí omi wò kí wọ́n tó lẹ táìlì. Wọ́n pè é, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé omi ò jáde ni?"

Ìyá ilé ti gbé epo pupa dé. Ẹ gbé e padà sídìí ààrò: omi tútù tó ń ṣàn ni, 20 ìṣẹ́jú gbáko. Orí 60°C ni hítà yẹn wà, èyí tó dáa fún omi inú rẹ̀ torí ó ń pa kòkòrò Legionella tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ti tó fún un láti bó awọ àgbàlagbà. Ó yẹ kí fáàfù tó ń po gbígbóná mọ́ tútù wà lójú ọ̀nà, kí omi tó dé ara má ju 49°C lọ.

Ká ní báàsì ìfọwọ́ ni, ìbá rọrùn: ẹ pa hítà, ẹ ti omi táǹkì, ẹ ṣí ẹ̀rọ kó gbẹ, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ipò rọ́bà omi méjèèjì lábẹ́ rẹ̀. Wọ́ṣà wà lẹ́nu rọ́bà, kò fẹ́ tépù funfun. Ẹ fọwọ́ dè é, kí sípánà fi ìdámẹ́rin ìyípo kún un. Ẹ fún un jù, wọ́ṣà á ya. Ti inú ògiri, àfi kí wọ́n fọ́ táìlì. Ọkọ ilé pààrọ̀ ọmorí pupa àti búlúù ná, bí ẹni pé ẹni tí ọṣẹ wà lójú rẹ̀ ń wo àwọ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni Bàbá fi ń wẹ̀ báyìí. Ìka ni wọ́n fi ń tọ́ omi wò kí wọ́n tó bù ú, kódà omi kànga.