Kí ẹ tó pààrọ̀ bátìrì ọkọ̀ háíbíríìdì: ohun tí Camry mi kọ́ mi

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sá lọ bá ọkọ̀ háíbíríìdì, èyí tó ń fi epo àti iná bátìrì ńlá rìn. Camry háíbíríìdì ọdún 2007 ni èmi ń wà n'Ìbàdàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní in lọ́kàn láti tà á. Nígbà tí bátìrì ńlá rẹ̀ gbó, mo rìn, mo bèèrè, mo wo oríṣiríṣi kí n tó yọ owó. Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé ọjọ́ orí bátìrì àti bí agbára inú rẹ̀ ṣe dọ́gba tó ni ènìyàn ń rà. Iye tí wọ́n pè é àti orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ̀yìn méjèèjì yẹn ni wọ́n tò sí.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé, "Ṣé a ò kúkú lè yọ ọ́ dànù, ká máa fi epo nìkan wà á?" Kò ṣeé ṣe nínú Camry, Prius tàbí Lexus háíbíríìdì. Wọn kò ní sítátà bíi ti ọkọ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì ní ọ́tánétọ̀. Ẹ̀rọ oníná tó wà nínú gíà ló ń yí ẹ́ńjìnnì kí ó tó dáhùn, bátìrì ńlá yìí ló sì ń fún ẹ̀rọ náà lágbára. Tí bátìrì bá kú tán, ẹ́ńjìnnì tí kò ní àrùn kankan kò ní dáhùn. Ẹni tó bá ní òun lè dọ́gbọ́n sí i, ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ yín fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ọjà tó ń rà. Ẹyọ 34 ni wọ́n tò sínú bátìrì Camry mi. Volt 7.2 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ volt 244.8. Ti Prius láti ọdún 2004 sí 2015, ẹyọ 28 ni, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ volt 201.6. Nínú ẹyọ kan, sẹ́ẹ̀lì kéékèèké mẹ́fà ló wà, volt 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ni wọ́n so mọ́ra lẹ́sẹẹsẹ, iná kan náà ló ń gba inú wọn kọjá. Bí àwọn ènìyàn tó fi okùn kan so ara wọn pọ̀ gun Òkè Ìdànrè ni: ìrìn ẹni tó rẹ̀ jù nínú wọn ni gbogbo wọn máa rìn. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó bá kú nínú 204 tó láti tan iná ìkìlọ̀ sí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Iná ìkìlọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí tó tó ṣá o. P0A80 ni kóòdù tí skánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àrùn ọkọ̀, máa ń gbé jáde tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá gbà pé bátìrì ti ń lọ, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á sì ti dá ẹjọ́ níbẹ̀. Èmi ní kí rewáyà mi ṣí ibi tó ń fi volt hàn ní ẹyọ méjì-méjì. Ìpín 17 ni wọ́n pín Camry yìí sí. Ọmọ mi wa ọkọ̀, ó ń gun òkè Mókọ́lá, àwa méjì ń wo skánà. Bó ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìpín méjì já sílẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ohun tó lé ní volt kan. Ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì ti kú nínú wọn. Nígbà náà ni mo gbà pé bátìrì ni.

Tí ìpín kankan kò bá já báyìí, ẹ má tíì nawó. Ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì kékeré, volt 12, tó wà nínú bútù. Tí kò bá lágbára mọ́, ó máa ń mú kí oríṣiríṣi iná máa tàn lásán. Ẹ wo àwọn irin bàbà tó so ẹyọ pọ̀ pẹ̀lú. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé máa ń bò wọ́n, kọ̀ǹpútà á sì máa ka ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. A máa ń rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé fífọ irin wọ̀nyí nìkan ló nílò.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni pé wọ́n á tú bátìrì, wọ́n á yọ ẹyọ méjì tó kú, wọ́n á fi méjì mìíràn rọ́pò. Ó rọ̀ lówó, mo sì mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe é nírú àsìkò tí a wà yìí. Àmọ́ àwọn 32 tó kù ńkọ́? Ọdún kan náà ni wọ́n ti lò, ooru kan náà ni gbogbo wọn jọ jẹ. Kò ní pẹ́ tí òmíràn á tún fi wó. Ẹyọ tí agbára rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ kì í sì í bá wọn kún dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kì í bá wọn gbẹ dọ́gba. Aládùúgbò mi kan ń tún tirẹ̀ ṣe ní díẹ̀díẹ̀ títí owó tó ná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odidi bátìrì. Tí kò bá sí ọ̀nà míràn, ẹ rí i pé wọ́n wọn agbára ẹyọ tí wọ́n fẹ́ fi sí i. 6.5 Ah (òṣùwọ̀n iye iná tí ẹyọ lè gbà pamọ́) ni ó yẹ kó ní nígbà tó wà ní tuntun. Ẹ wá èyí tí tirẹ̀ bá ti àwọn tó wà nílẹ̀ mu.

Lẹ́yìn èyí ni bátìrì tòkunbọ̀, tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lókè òkun. Mo lọ sí Agodi Gate. Ọ̀gbẹ́ni tí mo kọ́kọ́ bá gbé kan síwájú mi.

"Mọ́mì, Belgium ni o. Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ mọ́."

"Ọkọ̀ ọdún wo lẹ ti yọ ọ́?"

"Mọ́mì, ṣé ọdún lẹ fẹ́ wà ni? Ó ń ṣiṣẹ́."

Mo kí i pé ó kú ọjà, mo kọjá. Ọdún ni mo fẹ́ wà lóòótọ́. Bátìrì irú èyí máa ń gbó bó bá tilẹ̀ jókòó lásán, nítorí náà èyí tí wọ́n yọ lára Camry 2007 mìíràn jẹ́ ojúgbà èyí tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Camry háíbíríìdì 2012 sí 2017 náà ń lo ẹyọ 34. Irú ìyẹn ni kí ẹ wá tí ẹ bá máa ra tòkunbọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti Highlander ti ìgbà náà tàn yín: ẹyọ 30 ni tirẹ̀, volt 9.6 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bá tiwa mu rárá.

Ẹ má gba kí wọ́n fi mítà wọn volt rẹ̀ lórí ìjókòó nìkan. Ẹyọ tó ti kú dé ìlàjì á ṣì máa fi volt tó dára hàn tí kò bá sí iṣẹ́ níwájú rẹ̀. Rewáyà mi so gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, èyí tó jẹ́ 55 watt, mọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú méjì, ó sì ń kọ volt rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń lọ sílẹ̀. Èyí tó bá sáré wálẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti hàn. Iṣẹ́ náà ń gba àkókò, òǹtajà tó bá sì ń kanra nítorí rẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Èmi kò ra tòkunbọ̀ nígbẹ̀yìn. Tuntun odidi ni mo rà, ẹyọ 34 tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó ṣì wù mí kí n wa ọkọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó rẹ̀ wọni lára. Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ kò nílò rẹ̀. Tòkunbọ̀ tó dára á tó o. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe tuntun náà, torí èyí tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ kì í ṣe tuntun mọ́. Ní ti àwọn tó ń pọ́n bátìrì lithium, irú èyí tó wà nínú fóònù, bí wọn kò bá ṣe odidi rẹ̀ fún irú ọkọ̀ yín, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ọ, ẹ fi sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà Camry mi kò mọ bí wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gàráńtì sórí rìsíìtì: oṣù mélòó, àti ẹni tó máa san owó iṣẹ́ tí wọ́n bá tún ní láti tú u. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ẹ má ṣe tú u fúnra yín. Volt 244.8 ń pa ènìyàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fa púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ ọsàn jáde, á fi í sápò ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a padà, á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná ńlá. Bí rewáyà yín bá fẹ́ fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ dá a dúró, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀mí rẹ̀ ju bátìrì lọ.

Ooru ló ń ba bátìrì yìí jẹ́ kíákíá nílẹ̀ wa. Atẹ́gùn inú ọkọ̀ ni fáànù rẹ̀ ń fà láti tù ú lára, nítorí náà ẹni tó pa éèsì nínú oòrùn ọ̀sán kí epo má baà tán ń fi ooru se bátìrì rẹ̀. Ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn nínú Camry mi. Ti Prius wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ má kó ẹrù dí i. Nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ tèmi, mo ní kí wọ́n yọ fáànù náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Eruku tó dì mọ́ ọn lára nípọn bí aṣọ.

Ẹ má sì fi bátìrì àtijọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyọ inú rẹ̀ ṣì wúlò fún un, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi dúnàá dúrà kí ẹ tó sanwó tuntun, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú owó yín.