Ìyá Tó Kó Ọmọ Sẹ́nu

Àǹtí mi ò lè wo ẹni tí kò jẹun. Bí o bá délé wọn tó o ní o ti yó, àìsàn ni wọ́n máa kà á sí. Àwọn náà ni mo fi ẹja mi ṣọ́ nígbà tí mo ń rìnrìn àjò, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà lẹ̀ mọ́ àpótí dígí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí tí kò bá jẹun, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu."

Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì, mò ń padà bọ̀, nígbà tí wọ́n pè mí.

"Ẹja rẹ aláwọ̀ ọsàn yìí, ọ̀fun rẹ̀ ti wú. Látìgbà tó o ti lọ, kò fẹnu kan nǹkan kan. Mo fi àwọ̀n gbé e, mo rọra la ẹnu rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò ló kún ibẹ̀! Mo ti gbọn gbogbo wọn sínú bókẹ́ẹ̀tì omi tó o gbé kalẹ̀. Omi gbígbóná tí mo fẹ́ dà lé wọn lórí ló wà lórí iná yìí."

Mi ò mọ ìgbà tí mo lọgun: "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má da omi gbígbóná lé àwọn ọmọ náà lórí!"

Gbogbo bọ́ọ̀sì pa lọ́lọ́. Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí òkè orí rẹ̀.

"Ọmọ mélòó ni?" Obìnrin tó jókòó tì mí ló béèrè.

"Wọ́n á tó ogún."

"Ìyá wọn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn jáde."

Awakọ̀ bá ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró.

Mo búra pé ẹja ni. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́, àfìgbà tí Àǹtí tún sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí wọ́n ní: "Ọmọ ẹja kẹ̀? Abájọ! Mo rí i pé wọ́n lójú." Wọ́n ní omi ò tíì hó, àwọn á kúkú fi po tíì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tí wọ́n gbọn jáde lẹ́nu ìyá yẹn, àwọn ògbóǹtarìgì tó ń sin cichlid, ìyẹn ìdílé ẹja tí tèmi àti epìyà wà, máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ẹja yòókù má bàa gbé àwọn ọmọ náà mì. Ó máa ń gba ọwọ́ tó rọ̀ àti sùúrù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Àǹtí gbìyànjú, wọn ò sì pa ẹyọ kan.

Bọ́ọ̀sì tún gbéra, ṣùgbọ́n wọn ò fi mí sílẹ̀. Ta ni ẹja tó ń fi ẹnu gbé ọmọ? Mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí Màmá Ethelwynn Trewavas, onímọ̀ nípa ẹja, torí mi ò mọ ibòmíràn tí èèyàn lè ti bẹ̀rẹ̀. Labeotropheus trewavasae lorúkọ ẹja mi. Geoffrey Fryer ló fi orúkọ màmá yìí sọ ọ́ lọ́dún 1956. Àárín àpáta inú Adágún Màláwì ló ti wá. Imú rẹ̀ yọ bo ẹnu, kó lè rọrùn fún un láti máa họ ohun tútù bí ewé tó ń hù lára òkúta jẹ. Bí ìyá bá ti yé ẹyin, ẹnu ló ń kó o sí, á sì tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó jẹun dáadáa.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!" ni bàbá kan wí lẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ jọ ti Àǹtí gan-an.

Ìlú Penzance ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí màmá yìí lọ́dún 1900. Òkú ẹja inú ìgò, ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní London, ni wọ́n fi kọ́ ọgbọ́n. Lọ́dún 1935 ni wọ́n tẹ ìwé tí wọ́n fi to àwọn cichlid Màláwì ní ìdílé-ìdílé, kí wọ́n tó wá fojú ara wọn rí adágún náà lọ́dún 1939. Wọ́n ti lé lẹ́ni 80 ọdún kí ìwé ńlá wọn lórí àwọn epìyà tó jáde lọ́dún 1983. Wọ́n kú lọ́dún 1993. Ní tèmi, mi ò rí ẹni tó dà bíi wọn.

Ọ̀rọ̀ epìyà yìí gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ara ohun tí màmá fi pín wọn ni ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Àwọn kan ń yé ẹyin sílẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ: Tilapia nìyẹn. Ní ti Oreochromis, ìyá nìkan ló ń fẹnu gbé e.

"Bàbá wá ń ṣe kí ni?" obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi béèrè.

"Ó ti lọ wá ìyàwó mìíràn."

Àwọn obìnrin hó. Àwọn ọkùnrin ń wo ojú fèrèsé. Mo yára fi kún un pé Sarotherodon ṣì kù, àti pé irú rẹ̀ kan wà nínú ọ̀sà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ pé bàbá ló ń kó ẹyin sẹ́nu, tí ìyá á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

"Kí lo pe ìyẹn?"

"Sarotherodon melanotheron."

Ó ti ń wá bírò nínú báàgì. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ kó hàn kedere, ọkọ òun ń dúró de òun níbùdókọ̀.