Sí Ẹ̀yin Àbúrò Tó Ń Gba Ìwé Gọ́ọ̀jì Lọ́wọ́ Wa Létí Odò Ògùn

Ìwé ìfẹ̀yìntì mi ti jáde. Kí n tó lọ, mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn sọ̀rọ̀. N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń ka gọ́ọ̀jì, irin onínọ́ḿbà tí a fi ń wọn bí omi odò ṣe ga tó; ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ṣí ìwé ibùdó kan láìpẹ́ yìí, nọ́ḿbà kan náà ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Jímọ̀, nínú oṣù Kẹsàn-án! Odò wo ló ń dúró sójú kan lóṣù Kẹsàn-án?

Èkíní, ẹ lọ sódò. Bí ara yín kò bá yá, tí ẹ kò lè lọ, ẹ fi àyè ọjọ́ náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tó bá ka ìwé náà á mọ̀ pé ẹ kò lọ. Bí ẹ bá fi nọ́ḿbà àná dí i, kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀.

Èkejì, ẹ kọ aago. Mítà 3.2 nígbà tí omi ń gòkè àti mítà 3.2 nígbà tó ń fà, ọ̀tọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ẹ bá rí i pé omi ń sáré gòkè, ẹ má dúró de ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó padà lọ wò ó. Ẹ sì yé máa wojú sánmà. Odò tiwa kì í ṣe Ògùnpa. Òjò tó rọ̀ sórí Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ló mú Ògùnpa ya wọ ilé ní 31 oṣù Kẹjọ 1980. Omi tiwa ń ti apá Ṣakí bọ̀, Ọ̀fíkì ń dà sí i, Ọ̀yán náà ń dà sí i. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí dáàmù Ọ̀yán, odò lè kún mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn yòò, bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn dáàmù lókè lọ́hùn-ún.

Èkẹta ló mú mi jókòó kọ èyí. Gọ́ọ̀jì kì í sọ bí odò ṣe jìn tó. Bí omi ṣe ga tó láti ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo nọ́ḿbà dúró lé. Ní 29 oṣù Kẹsàn-án 2012, omi Odò Ọya dé mítà 12.84 lórí gọ́ọ̀jì Lọ́kọ́jà. Nígbà tí omi tún ru ní 2022, ti 2012 yẹn ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ká ní ẹnìkan ti ṣí gọ́ọ̀jì náà nípò láàárín ọdún méjèèjì, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ni wọn ì bá fi wé kí ni?

Ní ibùdó tèmi, ara òpó afárá ni irin gọ́ọ̀jì wà. Agbaṣẹ́ṣe kan wá tún afárá náà ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tú irin náà, wọ́n kun òpó lọ́dà, wọ́n sì dè é padà. Ó gún régé, ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ó fi bí ìdajì mítà ga ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí irin bá lọ sókè, nọ́ḿbà tí omi ń kàn á wálẹ̀. Omi tó jẹ́ mítà 4.5 tẹ́lẹ̀ di mítà 4.

Àtẹ̀gùn tí àwọn obìnrin fi ń sọ̀kalẹ̀ lọ fọṣọ ni mo fi mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi pé bí omi bá kan àtẹ̀gùn kẹta, gọ́ọ̀jì á ka 1.8. Lẹ́yìn iṣẹ́ afárá, omi wà ní àtẹ̀gùn kẹta, gọ́ọ̀jì ka 1.3. Mo yá rọ́bà omi tí bíríkìlà kan fi ń wọn ilé, a fi wọn gíga irin gọ́ọ̀jì náà láti ara òpó sìmẹ́ǹtì tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Bí mo ṣe rò ó náà ló rí.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì. Nígbà tí n kò gbọ́ nǹkan, mo kọ òmíràn. Ọ̀gá tó dá mi lóhùn ní iṣẹ́ afárá ti parí, wọ́n ti bu ọwọ́ lùwé, agbaṣẹ́ṣe ti gbowó rẹ̀. Ohun tí mo bá rí lára irin ni kí n máa kà. Ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ni pé bí omi bá dé mítà 5, kí wọ́n ní kí ará ìlú kó ẹrù. Láti ìgbà tí irin ti wà nípò rẹ̀ àtijọ́ ni mítà 5 yẹn ti wà. Kò sẹ́ni tó yí i padà.

Oṣù Kẹwàá dé, dáàmù kún, wọ́n ṣí i. Gọ́ọ̀jì ka 4.3, ó ka 4.4, ó di 4.6. Mo pe ọ́fíìsì lórí fóònù pé 4.6 yìí ti kọjá mítà 5 àtijọ́. Wọ́n ní kò tíì dé. Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ kan tó gbé gbohùngbohùn sórí ń yí ìlú ká pé kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Èmi ń ti ojúlé dé ojúlé nísàlẹ̀ odò, mò ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àwọn kan gbọ́. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ bi mí pé, "Ọmọ mi, ìwọ àti àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, ta ni kí n gbà gbọ́?" Mo ní, "Ẹ gba èmi gbọ́, mà." Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọkọ̀ ìjọba tó ń kọjá lọ, wọ́n ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti wọ ṣọ́ọ̀bù. Owó àjọ ni wọ́n fi ra gbogbo àpò èlùbọ́ tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ọjà ọdún lọ́kàn. Èlùbọ́ tí omi odò ti rin, ta ló fẹ́ rà á?

Ọ́fíìsì wá kọ ìròyìn lẹ́yìn náà pé odò kún lójijì. Lójijì kẹ̀! Ọjọ́ mélòó kan ni omi yẹn fi ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú títí di òní, n kò sì ní díbọ́n bí ẹni pé ó ti tán. Ẹ̀dà àwọn lẹ́tà mi wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ rí wọn kó wá.

Ẹ̀yin ọmọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí agbaṣẹ́ṣe bá fọwọ́ kan irin yín, bí igi tí omi ń gbé lọ bá kọlù ú, bí ọkọ̀ ojú omi bá gbá a, ẹ wọ̀n ọ́n padà sí òpó awọnlẹ̀ kí ẹ tó kọ nọ́ḿbà mìíràn. Bí omi bá fà, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tó ga dé lára ògiri, ẹ kọ déètì sí i, kí àwọn onílé tó fọ ẹrẹ̀ kúrò. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì mú ẹ̀dà pamọ́. Bí ọ̀gá bá fẹ́ bínú, kó bínú; àwọn tó ń sùn nísàlẹ̀ odò lẹ ń ṣiṣẹ́ fún.

Ní ti ẹni tí yóò gba ibùdó mi: wọ́n ti dá irin náà padà sípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ gbà á. Òpó sìmẹ́ǹtì wà lápá òsì bí ẹ bá ń ti ọjà bọ̀ wá sí afárá, koríko ti bò ó. Ẹ ṣán koríko náà, ẹ wá rọ́bà bíríkìlà, ẹ fúnra yín wọ̀n ọ́n kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀.